Ẹ Bi Àǹtí Atukọ̀: Odò kì í kún bo ẹja lójú, ṣùgbọ́n ẹja kọ́ ni wá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí pọ̀ ju ohun tí ojú ewé yìí lè gbà lọ. Ó jọ pé oòrùn tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ nílùú Ọba ti ń pe ọ̀pọ̀ nínú yín sí etí òkun. Mẹ́rin ni mo mú. Èyí àkọ́kọ́ gùn, ìdáhùn rẹ̀ sì gùn jù ú lọ, ẹ fi ara dà á fún mi.

Àǹtí mi, mo kí yín o. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Kent ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wa káyáàkì, ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù, lójú òkun pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níbí. Bọ̀dá kan wà tí a jọ máa ń jáde, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, etí ọ̀sà ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì mọ omi ju gbogbo wa lọ. Wọn kì í wọ ẹ̀wù ìléfòó, wọn kì í mú rédíò tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ lójú omi. Wọ́n ní ẹrù tí àwọn òyìnbó ń dì mọ́ra ló ń gba ọgbọ́n lórí wọn, pé ẹni tó bá ti ní bọ́tìnì tó lè tẹ̀ kí hẹlikọ́pítà wá gbé e kò ní í wojú ọ̀run mọ́ kó tó jáde. Wọ́n ní làákàyè ni ohun èlò àkọ́kọ́, òun náà sì ni ìkẹyìn. Bí mo bá fẹ́ fèsì, wọ́n á ní, "Odò kì í kún bo ẹja lójú." Àǹtí, ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí díẹ̀, torí mo ti rí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ra gbogbo nǹkan tán tí wọn ò sì mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? — Àbúrò yín, Kent

Àbúrò mi, jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn bọ̀dá rẹ, torí wọ́n jàre níbi tó pọ̀.

Ynys Môn ni mò ń gbé, erékùṣù tó wà ní ìkángun Wales lápá àríwá. Iléewòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tó bá di òpin ọ̀sẹ̀ mo máa ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pàdé níbi tí a ń gbé mọ́tò sí ní Porth Dafarch, mo máa ń rí àwọn tí ọ̀bẹ, fèrè, iná àti rédíò kún àyà wọn fọ́fọ́. Bí mo bá wá bi wọ́n pé, "Aago mélòó ni omi òkun tó ń wọlé máa yí padà láti jáde lónìí?", wọn á máa wo ara wọn lójú. Irú wọn ni bọ̀dá rẹ ń sọ, wọn ò sì purọ́ mọ́ wọn. Ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣẹ́rí padà ni mo fẹ́ràn láti bá jáde ju ẹni tó ru ṣọ́ọ̀bù sáyà lọ.

Wo ìwọ̀-oòrùn erékùṣù wa. Bí omi bá ń wọlé, àríwá ni ó ń ṣàn lọ, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ Penrhyn Mawr, ṣóńṣó ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun, kọjá sí ibi tí wọ́n ń pè ní South Stack. Níbi tí òkúta bá ti fún un lọ́rùn, á máa sáré, á máa fọ́n lórí, ó lè sọ ọkọ̀ nù. Bí afẹ́fẹ́ bá tún wá láti àríwá, tó dojú kọ ọ́, ìgbì á dìde dúró ṣánṣán bí ògiri. Ibẹ̀ kan náà, bí omi bá wà ní ìsinmi tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ mi lè kọjá kó tún máa ya fọ́tò. Kò sí ẹ̀wù tó lè sọ èyí fún ọ. Ìwé àkókò omi ni yóò sọ ọ́, àti ìròyìn ojú ọjọ́, àti orí rẹ.

Èyí tó tún burú jù ni afẹ́fẹ́ tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́ sójú òkun. Òkúta gàgàrà etí òkun á gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú omi níwájú rẹ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò ní í sí ìgbì kankan tí yóò bà ọ́ lẹ́rù. Ìwọ náà á wọ inú ọkọ̀, á máa dùn mọ́ ọ, o ò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló ń tì ọ́ lẹ́yìn. Ìgbà tí o bá yíjú padà pé kí o máa bọ̀ nílé ni wàá tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ èyí á wo ewé igi àti àsíá kó tó gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Làákàyè nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun tí a ń rà. Dé ibí yìí, èmi àti bọ̀dá rẹ jọ ń lọ.

Ibi tí a ti pínyà rèé. Ẹja ni òwe yẹn ń bá wí. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tó bá ṣubú sínú rẹ̀ lè jáde kó máa fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, lóṣù kẹta, òkun kì í ju nǹkan bí ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá kì í sábà kọjá 17. Àwọn tó ń kọ́ni níbí ka gbogbo omi tí kò bá tó 15 sí omi tútù tó lè pani. Bí ara bá ṣàdédé wọ inú rẹ̀, èémí á já, ẹnu á là fúnra rẹ̀, àyà á máa lù kìkì. Kì í ṣe ojo. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òmùwẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ wẹ̀ kò yàtọ̀ níbẹ̀. Bí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò tí ẹnu là yẹn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Kánádà kan, Gordon Giesbrecht, tó ti fi ara òun fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí nínú omi dídì, ló gbé e kalẹ̀ lọ́nà tó rọrùn: ìṣẹ́jú 1 ni o ní láti fi kó èémí rẹ jọ, ìṣẹ́jú 10 ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ á fi gbọ́ ohun tí o bá sọ fún wọn, wákàtí 1 sì ni ó tó kí òtútù tó dá ọ kú. Wo bí ó ṣe tò wọ́n. Ẹni tí kò wọ ohun tó lè gbé e léfòó kò ní í dé wákàtí yẹn láéláé. Inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni yóò ti lọ, torí apá tó fi ń lúwẹ̀ẹ́ ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀wù ìléfòó ló ń ra wákàtí yẹn fún èèyàn.

Bí oṣù kẹta bá ti wọlé, mo máa ń pọn omi òkun sínú garawa, màá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n yọ rédíò nínú àpò àyà wọn, kí wọ́n tàn án, kí wọ́n gbé e sí ìkànnì 16 tí a fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan wà, géńdé tó sanra, awakọ̀ tírélà ni. Ìka rẹ̀ kò lè di sípù mú. Ó gbìyànjú títí, ó kọ́ ọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò, ó yọ́ bọ́, ni ó bá fi eyín fa sípù náà. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yọ rédíò tirẹ̀, ó sì tẹ bọ́tìnì tó pa á. Gbogbo wọn mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, orí wọn pé, orí ilẹ̀ ni a dúró sí, kò sì sí ìgbì kan tó ń gbá wọn. Ọwọ́ ni kò jẹ́ tiwọn mọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni gbogbo wọn so okùn gígùn mọ́ sípù àpò wọn. Ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀ kí o tó sùn lónìí.

Ọwọ́ ló sì ń kọ́kọ́ lọ. Bí òtútù bá wọlé sí i, orí náà á tẹ̀ lé e. Ẹni tí òtútù ti mú á máa sọ pé kò sí nǹkan tó ṣe òun, á máa bínú sí ẹni tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa lọ́. Mo ti rí i lójú àwọn tí wọ́n gbé wá sí iléewòsàn wa. Nítorí náà, bí làákàyè bá jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo tí bọ̀dá rẹ gbé dání, òtútù máa gba òun náà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì ní í mọ̀ pé ó ti lọ. Ìgbà tí ara wọn ṣì gbẹ ni wọ́n lè lo làákàyè yẹn, wọn ì bá sì lò ó láti wọ ẹ̀wù.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní, "Kí òyìnbó tó ṣe ẹ̀wù ìléfòó onífóòmù, ṣé àwọn èèyàn kò wà lójú òkun ni?" Wọ́n wà. Àwọn Inuit, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ olótùútù bíi Greenland, ló ni káyáàkì, a kàn yá a lọ́wọ́ wọn ni, fóòmù kankan ò sì sí lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lára wọn. Tuilik ni wọ́n ń pè é: ẹ̀wù awọ síìlì tó ní fìlà, tí wọ́n so mọ́ ojú, tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́, tí wọ́n tún fi okùn dì mọ́ etí ihò tí atukọ̀ jókòó sí, débi pé bí ọkọ̀ bá dojú dé, omi kò ní í ráyè wọlé. Àwọn obìnrin ló ń rán an, ìwọ̀n ara ọkùnrin tó máa wọ̀ ọ́ ni wọ́n fi ń rán an, káyáàkì náà pẹ̀lú, ara ẹni tó ni ín ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí a fi ń yí ọkọ̀ dìde láì jáde nínú rẹ̀, àní pẹ̀lú ọwọ́ lásán bí àjẹ̀ bá bọ́ sọnù. Ṣé ẹni tó múra báyìí la ó pè ní ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé làákàyè nìkan?

Síbẹ̀ òkun ń mú nínú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ẹ́ńgíláǹdì kan wà, Gino Watkins, tó kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àwọn ará ìlà-oòrùn Greenland lọ́dún 1930 sí 1931. Ó mọ bí a ṣe ń yí ọkọ̀ dìde dáadáa, ó sì ń fi káyáàkì dọdẹ síìlì bí ọmọ ìlú. Lógúnjọ́ oṣù kẹjọ ọdún 1932, òun nìkan ló jáde lọ dọdẹ. Káyáàkì rẹ̀ tó ń léfòó làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí, wọ́n tún rí ṣòkòtò rẹ̀ àti ìgbànú ọkọ̀ rẹ̀ lórí yìnyín. Wọn ò rí òun. Ọmọ ọdún 25 ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kò yé ẹnikẹ́ni títí di òní, torí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ìmọ̀ kò wọ́n án, ìgboyà kò wọ́n án. Ẹnì kejì ni kò ní. Èmi ka ẹnì kejì mọ́ ohun èlò, kódà mo kà á ṣáájú rédíò.

Àti pé ìwọ bi bọ̀dá rẹ léèrè kan fún mi. Ìlàjẹ ni mí, ẹ̀bá Igbókòdá ni wọ́n tí tọ́ mi dàgbà, n kò sì mọ apẹja kan, bó ti wù kó láyà tó, tó ń jáde láì sí igbá ìgbọ́nmi nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ṣé ní Ẹ̀pẹ́ wọn, ọkọ̀ wà tí kò ní in? Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Igbá ìgbọ́nmi kì í ṣe làákàyè, ohun èlò ni. Àwọn ohun èlò tí wọ́n bá láti kékeré kò jọ ẹrù lójú wọn mọ́, èyí tí wọ́n bá lágbà ló ń wúwo.

Ní ti pé bọ́tìnì ń sọ èèyàn di òpè, ó ń ṣẹlẹ̀. Wo PLB, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìró ìdágìrì ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì lórí 406 MHz. Àwọn kan rò pé tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, hẹlikọ́pítà ti dé. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ na eríàlì rẹ̀, kí ó kọjú sí ojú ọ̀run gbangba, pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni. Kí hẹlikọ́pítà tó gbéra kó tó dé, omi á ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ lára wọn. Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi kí n tó tukọ̀ kúrò ní èbúté: bí gbogbo ohun tó wà lára mi yìí kò bá sí, ṣé màá ṣì jáde lónìí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, inú mọ́tò ni mo padà sí, a ó lọ mu tíì. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, mo wọ gbogbo rẹ̀, mo lọ.

Má bá bọ̀dá rẹ jiyàn létí omi níwájú àwọn ọmọdé. Lọ kí wọn nílé. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ bí a ṣe ń ka afẹ́fẹ́ àti omi, torí ohun tí ẹgbẹ́ yín kò ní nìyẹn. Kí o wá sọ ọ́ fún wọn pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ń wò wọ́n, ohun tí wọ́n bá sì rí lára wọn ni wọ́n á ṣe. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, bi wọ́n pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣubú sómi, ta ló máa fà wọ́n, okùn ta ni, ẹ̀mí ta ni? Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọn ò bá wọ̀ ọ́, má bá wọn jáde kọjá ibi tí ẹsẹ̀ ti lè kan ilẹ̀. Yàtọ̀ sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gbóná tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń yí ọkọ̀ dìde, n kò mọ ibi tí n óò ti gbà kí ọ̀rọ̀ ẹ̀wù ìléfòó di àríyànjiyàn.

Àǹtí Atukọ̀, oníṣòwò aṣọ ni mí, Ìkòròdú ni ilé mi, ọkọ̀ ojú omi ni mo sì máa ń wọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó kí n lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fún wa ń rùn, ó ń ba gèlè jẹ́. Awakọ̀ wa ní láti kékeré ni òun ti ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yìí, pé ká fọkàn balẹ̀. Ṣé dandan ni kí n máa wọ̀ ọ́? — Ìyá Ìbejì, Ìkòròdú

Ẹ kú ọjà o, Mọ́mì. Dandan ni. Ìjọba Èkó nípasẹ̀ LASWA, àjọ wọn tó ń rí sí ọ̀nà omi, sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tiyín tilẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ Ìjẹ̀bú tó kọ̀wé lókè yìí. Òun ló ń tu ọkọ̀ rẹ̀, làákàyè tó bá ní wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò ọkọ̀ ni ẹ̀yin, làákàyè ẹlòmíràn ni ẹ fi ẹ̀mí yín sí. Ẹ jẹ́ ká gbà pé awakọ̀ yín mọṣẹ́. Ìtì igi tó ń léfòó lábẹ́ omi ńkọ́, tí kò sí ojú tó lè rí i? Awakọ̀ kejì tó ń sáré bọ̀ níwájú ńkọ́, ṣé òun náà ti wà lórí ọ̀sà láti kékeré?

Ibi tí làákàyè tiyín wà ni èbúté, kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀. Bí èrò bá ti kún jù, ẹ dúró de òmíràn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ wọ mọ́tò, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pa yín lórí níyẹn. Kí ẹ sì yẹ láìfù jákẹ́ẹ̀tì náà wò bí ẹni ń yẹ aṣọ wò lọ́jà, iṣẹ́ yín ṣáà ni. Ṣé ìdè rẹ̀ pé? Ṣé ó ń há? Ṣé fóòmù inú rẹ̀ kò tíì rún? Ẹ wo àkọlé inú rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ Newton 50 sí (ìwọ̀n agbára tó fi ń gbé èèyàn léfòó nìyẹn), ti àwa tó ń tukọ̀ tí a sì mọ̀ wẹ̀ ni, kò lè yí ojú ẹni tó ti dákú sókè. Ẹni tí kò mọ̀ wẹ̀ nílò 100 ó kéré tán. Bí tiwọn bá ń rùn, ẹ ra tiyín, kí ẹ máa sá a síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe nínú oòrùn gangan. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ lọ, ti ọmọdé ni kí ẹ wọ̀ fún un, torí ti àgbà á bọ́ lórí rẹ̀. Gèlè lè wà nínú báàgì títí ẹ ó fi dé Ìsàlẹ̀ Èkó.

Mo mọ àwọn tó máa ń gbé e kọ́ èjìká kan níwájú àwọn òṣìṣẹ́ èbúté, bí ọkọ̀ bá ti ṣí, wọ́n á fi jókòó. Ó rán mi létí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, nígbà tí wọ́n fi dandan lé e pé kí ọlọ́kadà àti èrò rẹ̀ máa dé akoto, táwọn kan sì gbé igbá dé orí, táwọn mìíràn gbé agolo ọ̀dà dé e, kí ọlọ́pàá má baà mú wọn. Gbogbo ayé ló rí fọ́tò náà. A rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n igbá ni láìfù jákẹ́ẹ̀tì tí a kò so.

Àǹtí, fóònù mi wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, ó wà lọ́rùn mi. Ṣé mo tún nílò rédíò? — Dókítà, Cardiff

O nílò rẹ̀. Ìka tó tutù lórí ọ̀rá tó tutù kì í tẹ nǹkan kan, gbìyànjú rẹ̀ nínú bálùwẹ̀ kí o rí i. Lẹ́yìn òkúta gàgàrà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí. Bó bá tilẹ̀ wọlé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ọ. Lórí ìkànnì 16 ti rédíò VHF, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun á gbọ́ ọ, ọkọ̀ apẹja tó wà nítòsí náà á gbọ́ ọ, ọkọ̀ apẹja yẹn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Gba ìwé ẹ̀rí rédíò náà, ọjọ́ kan péré ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Má sì ju fóònù nù. Bí o bá rí ẹlòmíràn nínú ìṣòro láti orí ilẹ̀, 999 ni, kí o ní kí wọ́n fún ọ ní Coastguard, má ṣe bẹ́ sómi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14. Iléèwé rẹ̀ ní London fẹ́ kó wọn lọ sí ibì kan létí òkun tí wọ́n á ti kọ́ wọn ní káyáàkì. Bàbá rẹ̀ ní kò ní í lọ, pé a ò wá sí ìlú yìí láti wá fi ọmọ fún omi. Ọmọ ń sunkún. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Tèmítọ́pẹ́

Àbúrò mi, ẹ̀rù bàbá rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù lásán, má fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ní 22 oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn ọmọ iléèwé mẹ́jọ láti Plymouth, olùkọ́ wọn kan àti akọ́ni-tukọ̀ méjì, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní irú eré yìí, gbéra láti Lyme Regis, ìlú etí òkun kan ní gúúsù Ẹ́ńgíláǹdì, wọ́n fẹ́ wa káyáàkì dé Charmouth. Kò jìnnà. Ó yẹ kí wọ́n ti padà dé lọ́sàn-án. Ọkọ̀ olùkọ́ wọn ń dojú dé lemọ́lemọ́, akọ́ni kan dúró tì í, èkejì kó ọkọ̀ àwọn ọmọ jọ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gbé wọn lọ sí ojú agbami. Aṣọ tí a fi ń bo ihò ọkọ̀ kò sí, nítorí náà ìgbì ń wọlé títí àwọn ọkọ̀ fi kún. Rédíò kò sí. Iná ìdágìrì tí wọ́n lè yìn sójú ọ̀run kò sí. Lórí ilẹ̀, ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n tó rí wọn. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú.

Ohun tó bí mi nínú jù nínú ìtàn yìí ni pé àwọn akọ́ni tó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ fún ọ̀gá pé ètò ààbò ibẹ̀ kò dára. Lọ́dún 1994 ilé ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi, ọ̀gá náà sì lọ sẹ́wọ̀n. Ní 1995 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé ẹni tó bá ń gbowó láti kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ ṣe irú eré yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n sì máa yẹ ibẹ̀ wò. Ibi tí ọmọ rẹ ń lọ wà lábẹ́ òfin yẹn. Wá orúkọ ibẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ HSE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera àti ààbò, lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti bàbá rẹ̀ jọ lọ sí ìpàdé òbí, kí bàbá rẹ̀ gan-an ló béèrè, torí ẹni tó bẹ̀rù ló máa ń béèrè dáadáa. Kí wọ́n béèrè pé ta ló máa pinnu lọ́jọ́ náà bóyá wọ́n máa jáde, kí ni ohun tó lè mú kí wọ́n má jáde, ìgbà wo ni wọ́n sì fagi lé e kẹ́yìn. Ibi tí kò bá fagi lé e rí, ẹ má jẹ́ kó lọ. Kí wọ́n béèrè ọmọ mélòó sí akọ́ni kan, ta ló mú rédíò, ta ló wà lórí ilẹ̀ tó mọ aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ padà dé, ìṣẹ́jú mélòó lẹ́yìn aago yẹn ni yóò sì pe 999. Bí akọ́ni bá dáhùn láìjágbe, láì fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bu ọwọ́ lùwé.

Di fìlà onírun sínú báàgì rẹ̀, aṣọ gbígbẹ méjì-mẹ́ta, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, àti oúnjẹ tó fẹ́ràn, torí òtútù máa ń jẹ́ kí ebi pa ọmọ. Bí irun rẹ̀ bá jẹ́ oníbíráìdì, kí wọ́n fi ike dì í, torí wàhálà irun tó kún fún omi iyọ̀ ń bọ̀ wá bá ìwọ lọ́jọ́ Àìkú. Má jẹ̀ẹ́ kó wọ jíǹsì o. Jíǹsì tó bá ti rin kì í tètè gbẹ.